Bíríìjì dọ́bù báàsì: ṣé kí n gé orí rẹ̀, àbí kí n fi wíìlì sí ẹsẹ̀ rẹ̀?

Olókùnmẹ́rin

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Dọ́bù báàsì kan wà lọ́wọ́ mi, ìwọ̀n 3/4, okùn irin ni ó sì wà lórí rẹ̀. Bíríìjì rẹ̀, igi tó dúró lórí àyà báàsì tó sì gbé okùn sókè, jẹ́ igi máápù kan ṣoṣo láti orí dé ẹsẹ̀, kò ní wíìlì onísíkúrù tí a ń yí láti mú ẹsẹ̀ gùn tàbí kúrú, nítorí náà kò sí bí mo ṣe lè gbé okùn sókè tàbí kí n sọ ọ́ kalẹ̀ láìfi irin kan igi náà. Nígbà tí mo fi rúlà wọn ààyè tó wà láàárín okùn àti pátákó ìtẹ̀ka, ní ìparí pátákó náà níbi tó ti súnmọ́ bíríìjì, okùn G, tó tín-ín-rín jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (G, D, A, E), ga tó mílímítà 9, okùn E, tó nípọn jù, sì ga tó 13. Bí mo bá ń ta á, kì í pẹ́ tí ọwọ́ òsì mi fi ń rẹ̀ mí. Mo ń lo bóò, ọ̀pá onírun tí a fi ń fa okùn, nínú ẹgbẹ́ olórin kíláásíkà, mo sì tún ń fi ìka ta jáàsì, báàsì kan yìí náà ni ó sì gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí n gé orí bíríìjì náà fúnra mi, tàbí kí n ra èyí tí a kò tíì gbẹ́ kí n sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tàbí kí n gé ẹsẹ̀ èyí tó wà níbẹ̀ kí n fi wíìlì sí i. Mo mọ ọ̀bẹ àti fáìlì lò dáadáa, ṣùgbọ́n n kò tíì gbẹ́ bíríìjì rí.

Agbẹ́gilére

Àbúrò, káàbọ̀. Fi ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Okùn tó ga lè wá láti ibi púpọ̀, bíríìjì sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni igi tí a bá ti gé kúrò lórí bíríìjì kò ṣeé dá padà.

Kọ́kọ́ wo igi kékeré tí okùn ń gbà kọjá ní orí ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kọ́kọ́rọ́. Láàárín okùn àti pátákó ní ibẹ̀, káàdì pẹlẹbẹ kan ni ó yẹ kí ó lè kọjá, kò yẹ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Bí ó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ òsì yóò máa jìyà ní òkè ọrùn bí bíríìjì tilẹ̀ pé bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn èyí, tẹ okùn kan mọ́ pátákó ní òkè pátápátá, kí ẹlòmíràn sì bá ọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìparí pátákó, kí o wo àárín. Okùn tí a tẹ̀ báyìí tọ́ ju rúlà lọ, yóò sì fi hàn ọ́ bí pátákó ṣe rí. Ó yẹ kí ààyè díẹ̀ wà ní àárín, bíi mílímítà 1 sí 2, nítorí pé okùn tó ń gbọ̀n nílò ibi tí yóò gbà gbọ̀n. Bí ààyè náà bá pọ̀ ju èyí lọ, pátákó ti jẹ kòtò tàbí ọrùn ti ń tẹ̀ síwájú. Bí kò bá sí ààyè rárá, tàbí tí pátákó ní gegele níbì kan, gbogbo mílímítà tí o bá gé kúrò lórí bíríìjì ni yóò mú kí okùn máa kùn bí oyin.

Ẹ̀kẹta ni ìdúró bíríìjì fúnra rẹ̀. A kò fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, fífà okùn nìkan ni ó dì í mú, gbogbo ìgbà tí a bá sì ń yí kọ́kọ́rọ́ láti mú okùn le, orí rẹ̀ a máa tẹ̀ síwájú sí ọ̀dọ̀ pátákó. Mú káàdì kan tí igun rẹ̀ pé, gbé e lé àyà báàsì ní ẹ̀yìn bíríìjì, ní ìhà téèlìpíìsì tí ìdí okùn so mọ́, kí o sì wo bí ẹ̀yìn bíríìjì ṣe bá igun káàdì náà mu. Ẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó dúró ṣánṣán. Iwájú rẹ̀ ni a máa ń gbẹ́ ní dídagun, nípọn nísàlẹ̀, tín-ín-rín lókè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo iwájú, tí wọ́n sì rò pé bíríìjì tó dúró dáadáa ni ó tẹ̀.

Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ náà. Gbìyànjú láti ti ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ etí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yíká, kí o sì sọ ohun tí o bá rí fún wa.

Ọmọ Jáàsì

Mo fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ. Ní ti iye tí ó yẹ kí o máa lépa, fún àwa tí a ń fi ìka ta okùn irin, G tó wà ní mílímítà 5 tàbí 6 àti E tó wà ní 8 tàbí 9 jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń rí ìrọ̀rùn. Àwọn kan ń sọ ọ́ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Scott LaFaro, oníbáàsì jáàsì tí ó bá Bill Evans onídùùrù ṣiṣẹ́ títí ó fi kú ní 1961, jẹ́ ẹni tí a mọ̀ sí okùn tó rẹlẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìka rẹ̀ fi lè sáré bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n okùn tó rẹlẹ̀ kì í pariwo tó èyí tó ga, nítorí pé bí o bá fi agbára ta á, yóò kan pátákó. Àwọn tó ń ta báàsì lórí okùn ìfun ẹran láyé àtijọ́, tí kò sí ẹ̀rọ agbóhùnsókè lẹ́yìn wọn, kò ní àǹfààní àti sọ okùn kalẹ̀, okùn ìfun náà sì máa ń gbọ̀n káàkiri ju irin lọ. Bí o bá ń lo okùn ìfun, gbàgbé àwọn iye tí mo kọ sókè yìí, kí o jẹ́ kí okùn ga sí i.

Tíṣà Afabóò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iye tí Ọmọ Jáàsì kọ yẹn dára fún ìka, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá fi bóò fa okùn nínú ẹgbẹ́ olórin kò lè lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà. Bóò máa ń ti okùn sí ẹ̀gbẹ́, ó sì ń mú kí ó gbọ̀n fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà okùn tí kò kùn rárá nígbà tí a fi ìka ta á lè máa kùn bí a bá fi bóò fà á gidi. Fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì bíi tìrẹ, ọmọ mi, mo máa ń dámọ̀ràn G ní mílímítà 6 àti E ní 9, kí D àti A wà láàárín wọn ní àtẹ̀lé, pẹ̀lú okùn irin.

Ju gíga lọ, ìtẹ̀kọrọdọ orí bíríìjì ni kí o fiyè sí. Bí orí rẹ̀ bá tẹ́ jù, bóò tó yẹ kí ó kan D nìkan yóò tún kan A tàbí G. Bí ó bá sì yọ gọngọ jù, apá rẹ yóò máa rìn jìnnà láti okùn kan dé èkejì, etí àyà báàsì lè máa kan bóò rẹ nígbà tí o bá dé orí G tàbí E. Pátákó ìtẹ̀ka ni kí o wò fún àpẹẹrẹ, kí orí bíríìjì sì yọ díẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, nítorí pé E gbọ́dọ̀ ga ju G lọ, àwọn tó wà láàárín kò sì gbọdọ̀ rì. Bóò gan-an ni onídàájọ́: fà á lórí okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára, nítòsí bíríìjì, kí o wo bí apá ṣe lè yà sí ọ̀tún àti sí òsì tó kí ó tó kan okùn mìíràn.

Kí n tún sọ èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: Giovanni Bottesini, ògbóǹtarìgì tó gbé ayé láti 1821 sí 1889, okùn mẹ́ta péré ni ó ń ta lórí báàsì rẹ̀. Àwọn báàsì olókùn márùn-ún tí ẹgbẹ́ olórin ń lò lónìí sì ní ìṣòro tó yàtọ̀ pátápátá sí tirẹ̀, nítorí pé okùn márùn-ún gbọ́dọ̀ pín orí bíríìjì kan, ààyè bóò a sì máa dín kù. Ìwọ kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Fi nǹkan bíi mílímítà 27 sí 28 sáàárín okùn kan àti èkejì, ó ti tó.

Olókùnmẹ́rin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, Ẹ̀gbọ́n àti Tíṣà. Mo ti ṣe àyẹ̀wò náà. Ní orí ọrùn, káàdì méjì ló ń kọjá lábẹ́ okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó ní ààyè díẹ̀ ní àárín, kò tó mílímítà 2, n kò sì rí gegele kankan. Bíríìjì tẹ̀ síwájú lóòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì jìnnà sí káàdì lókè. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni ẹsẹ̀: ìwé wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ìhà G láti ẹ̀yìn títí dé nǹkan bí ìdajì rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè gbé bíríìjì náà dúró ṣánṣán láìjẹ́ pé ó ṣubú?

Agbẹ́gilére

Ìwé tó wọ abẹ́ ẹsẹ̀ yẹn lè jẹ́ nítorí pé bíríìjì tẹ̀. Nítorí náà gbé e dúró ná kí o tó dá ẹsẹ̀ lẹ́bi.

Tẹ́ báàsì sílẹ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ lórí ohun rírọ̀. Ká aṣọ ìnura sí abẹ́ téèlìpíìsì kí ó má ba à ha àyà báàsì bí okùn bá tú. Dẹ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin díẹ̀, má ṣe tú wọn kúrò. Di igun òkè bíríìjì méjèèjì mú, kí àtàǹpàkò rẹ wà ní ìhà kan, kí àwọn ìka yòókù wà ní ìhà kejì, kí o sì fa orí rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá yí, dẹ okùn sí i. Má fi tipátipá ṣe é. Wò ó pẹ̀lú bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà ní àárín ihò f méjèèjì, àwọn ihò tó rí bí lẹ́tà f lórí àyà báàsì, kí wọ́n sì bá gígé kékeré tó wà nínú ihò f dọ́gba, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tó ṣe báàsì ti pinnu pé kí bíríìjì dúró.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí o má ṣe tú gbogbo okùn pọ̀ ni òpó inú. Lábẹ́ àyà báàsì, lẹ́yìn ẹsẹ̀ bíríìjì ní ìhà G, òpó kékeré kan dúró láàárín àyà àti ẹ̀yìn báàsì, ó sì sábà máa ń jìnnà sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà ní ìwọ̀n nínípọn òun fúnra rẹ̀. A kò fi gúlúù lẹ òun náà. Bí okùn kò bá tẹ àyà mọ́lẹ̀ mọ́, ó lè ṣubú, gbígbé e dúró padà láti inú ihò f sì gba irinṣẹ́ àti sùúrù tó ju ti bíríìjì lọ. Ní ìhà E, igi gígùn kan tí a lẹ̀ mọ́ abẹ́ àyà ni ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ kan ń ti òpó, ẹsẹ̀ kejì ń gbọn igi gígùn yìí. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ tí kò bá jókòó dáadáa fi ń jí ohùn báàsì gbé.

Bí ìwé bá ṣì ń wọ abẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí o bá ti gbé e dúró, ẹsẹ̀ ni kí o ṣe kí o tó fọwọ́ kan orí. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ yóò jẹ igi, yóò sì mú bíríìjì kúrú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé orí, tó wá padà ṣe ẹsẹ̀, yóò rí i pé okùn ti rẹlẹ̀ ju ibi tó fẹ́ lọ.

Ráńpẹ́

Ó rọrùn. Lẹ sáńpépà mọ́ àyà báàsì, kí ojú rẹ̀ wà lókè, kí o gbé bíríìjì lé e, kí o sì máa fà á síwá sẹ́yìn títí ẹsẹ̀ yóò fi bá àyà mu. Wákàtí kan kò ní kọjá.

Agbẹ́gilére

Ọ̀rẹ́ mi, mo mọ ọ̀nà yẹn, n kò sì ní sọ pé kò wúlò rárá fún bíríìjì tuntun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì nípọn púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ ṣe ń lọ tó ń bọ̀, bíríìjì a máa mì, etí ẹsẹ̀ a sì máa yípo. Àárín ẹsẹ̀ nìkan ni yóò wá kan àyà báàsì, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè rí i. Nínípọn sáńpépà náà tún wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ ni ó ń parí iṣẹ́ yìí.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo máa ń tẹ́ ìwé kábọ̀n sórí àyà báàsì ní ojú ibi tí ẹsẹ̀ yóò dúró gan-an, kí ìhà tó ní dúdú kọjú sókè, kí ìhà tó mọ́ sì wà lára fáníìṣì. Mo máa ń gbé bíríìjì lé e, n óò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, n óò mì í díẹ̀, kò ní ju mílímítà 1 lọ, n óò sì gbé e kúrò. Ibi tó bá ti dúdú ni ó ga. Ọ̀bẹ tó mú bí abẹ ni mo fi ń ha ibi dúdú yẹn nìkan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, n óò sì tún gbé e padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àmì dúdú méjì tàbí mẹ́ta ni yóò yọ. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, wọn yóò máa pọ̀ sí i, wọn yóò sì máa kéré sí i, títí gbogbo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ yóò fi kún fún àmì wẹ́wẹ́ káàkiri. Nígbà yẹn, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní rí ọ̀nà wọlé níbikíbi.

Ìkìlọ̀ kan wà tí àwọn tó ń gbẹ́ bíríìjì fáólíìnì kì í sábà ronú lé lórí. Ẹsẹ̀ bíríìjì báàsì gùn, fífà okùn irin kọ̀ọ̀kan sì máa ń tó kílò 25 sí 35, nítorí náà bí okùn bá ti le, ẹsẹ̀ méjèèjì a máa yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó jókòó pẹrẹsẹ nígbà tí kò sí okùn lórí rẹ̀ lè fi ààyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí okùn bá le. Àwọn oníṣẹ́ máa ń fi ọ̀pá onísíkúrù kékeré kan sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi yà wọ́n díẹ̀ bí okùn yóò ṣe yà wọ́n, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Bí o kò bá ní i, dán ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ wò lẹ́yìn tí okùn bá ti dé ohùn rẹ̀, kí o sì ṣe àtúnṣe tó bá kù.

Olókùnmẹ́rin

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ṣe wí náà ló rí. Lẹ́yìn tí mo gbé bíríìjì dúró, ìwé ṣì ń wọlé ní igun kan, nítorí náà mo fi kábọ̀n àti ọ̀bẹ ṣe ẹsẹ̀ méjèèjì, okùn kan ni mo sì fi sílẹ̀ ní ìhà kọ̀ọ̀kan, mo dẹ̀ wọ́n, mo yẹ̀ wọ́n sí ẹ̀gbẹ́, láti fi ṣọ́ òpó inú. Nígbà tí gbogbo okùn padà dé ohùn wọn, ìwé kò wọlé mọ́, ohùn E sì ti yàtọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Ó ń jáde láti inú ikùn báàsì nísinsìnyí. Mo wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: G jẹ́ 8, E jẹ́ 12. Mo fẹ́ dé 6 àti 9 tí Tíṣà sọ. Ṣé mílímítà 2 ni kí n gé ní ìhà G àti 3 ní ìhà E?

Agbẹ́gilére

Rárá o. Ibi tí o ti wọn okùn kọ́ ni ibi tí o ti fẹ́ gé e. Okùn bẹ̀rẹ̀ láti orí ọrùn, ó ń gòkè lọ títí dé bíríìjì, ìparí pátákó sì wà lójú ọ̀nà. Ká ní okùn rẹ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 105 láti orí ọrùn dé bíríìjì, kí pátákó sì parí ní sẹ̀ǹtímítà 84. Pín 105 sí ọ̀nà 84, yóò fún ọ ní 1.25. Iye tí o bá fẹ́ kí okùn sọ̀kalẹ̀ ní ìparí pátákó ni kí o fi 1.25 sọ di púpọ̀. Mílímítà 2 ní ìhà G yóò di 2.5 ní orí bíríìjì, mílímítà 3 ní ìhà E yóò di 3.75. Wọn báàsì tìrẹ gan-an, kí o fi iye tirẹ̀ ṣe ìṣírò náà.

Iṣẹ́ igi kékeré orí ọrùn ni kí o kọ́kọ́ parí, nítorí pé káàdì méjì ti pọ̀ jù. Bí ìhà yẹn bá rẹlẹ̀, okùn yóò sọ̀kalẹ̀ díẹ̀ ní ìparí pátákó pẹ̀lú. Jẹ́ kí fáìlì rẹ kéré, kí o má sì ṣe é títí okùn yóò fi kan pátákó.

Ní ti orí bíríìjì, fi pẹ́ńsù fa ìlà ní ojú ibi tí okùn kọ̀ọ̀kan yóò wà lẹ́yìn gígé, kí o so wọ́n pọ̀ pẹ̀lú páálí tí o ti gé bí ìtẹ̀kọrọdọ tí Tíṣà ṣàlàyé. Gé e kù díẹ̀ sí òkè ìlà náà, nǹkan bíi mílímítà 1, kí o fi fáìlì parí rẹ̀. Nígbà tí o bá ti gé e, ìwọ yóò rí i pé orí bíríìjì ti nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé iwájú rẹ̀ dagun, ibi tí o gé dé sì nípọn ju ibi tí o gé kúrò lọ. Bí o bá fi sílẹ̀ báyẹn, ohùn yóò wúwo. Tún iwájú gbẹ́, ìhà pátákó nìkan, títí orí yóò fi padà sí nǹkan bíi mílímítà 5. Má fọwọ́ kan ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni ipa okùn, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn ń dùbúlẹ̀ sí ní orí bíríìjì. Ipa tó dára yípo nísàlẹ̀ bí okùn ṣe yípo, ó sì fẹ̀ tó okùn tí yóò dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀. Ti E kò lè bá ti G dọ́gba. Kò gbọdọ̀ jìn ju ìdajì okùn lọ, ìdá mẹ́ta rẹ̀ gan-an ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ipa tó rí bí lẹ́tà V máa ń fún okùn ní ẹ̀gbẹ́, a sì máa já wáyà tó yí i ká. Ipa náà gbọ́dọ̀ rọra tẹ̀ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kí okùn má baà rọ́ lórí etí mímú. Fi pẹ́ńsù dúdú kùn ún nínú dáadáa kí o tó gbé okùn lé e: dúdú pẹ́ńsù yẹn a máa jẹ́ kí okùn yọ̀ nígbà tí o bá ń yí kọ́kọ́rọ́, dípò kí ó máa fa orí bíríìjì lọ.

Onísíkúrù

Mo ń ka gbogbo èyí, mo sì ń bi ara mi pé kí ló dé tí a kò tíì dá a lóhùn lórí wíìlì. Igi máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, àyà báàsì máa ń rì díẹ̀, okùn a sọ̀kalẹ̀. Ní àkókò ọ̀rinrin, àyà a wú, okùn a gòkè. Ẹni tó gé orí bíríìjì rẹ̀ kí ó ṣe rẹ́gí nígbà ọ̀rinrin yóò gbọ́ kíkùn okùn nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Àwọn kan ń tọ́jú bíríìjì méjì nítorí èyí. Wíìlì méjì ní ẹsẹ̀ yóò yanjú rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ó gbé okùn sókè fún bóò, kí ó sọ ọ́ kalẹ̀ fún jáàsì.

Agbẹ́gilére

Òótọ́ ni, n kò sì lòdì sí wíìlì. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni ihò tí a ó lu. Ihò ẹsẹ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ bá ara wọn lọ ní ọgbọọgba, kí wọ́n sì bá ẹ̀yìn bíríìjì lọ ní ọgbọọgba pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá wọ́, gbogbo ìgbà tí o bá yí wíìlì ni ẹsẹ̀ yóò máa yà tàbí kí ó máa fún ara wọn, iṣẹ́ kábọ̀n àti ọ̀bẹ tí o ṣe yóò sì bàjẹ́. Ẹ̀rọ alùhò tó dúró lórí tábìlì ni ó yẹ fún un, kì í ṣe èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé. Bí o bá fẹ́ lọ ní ọ̀nà yìí, má gé orí láti fi sọ okùn kalẹ̀. Inú ẹsẹ̀ ni kí o ti mú gíga náà kúrò. Bí wíìlì bá nípọn ní mílímítà 6, tí o sì fẹ́ kí bíríìjì kúrú ní 3, 9 ni kí o gé kúrò nínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí ẹsẹ̀ ti tọ́, kí ìyàtọ̀ tó bá kù láàárín G àti E sì jẹ́ iṣẹ́ wíìlì.

Aluminiọ́mù, bàbà àti igi líle bíi ẹ́bónì ni a fi ń ṣe wọn. Bàbà wúwo jù lọ, ìwúwo yẹn sì máa ń mú ohùn dúdú díẹ̀. Bí o bá fẹ́ yí wíìlì, dẹ okùn ná, yí ti ọ̀tún díẹ̀, yí ti òsì ní ìwọ̀n kan náà, kí o sì fi káàdì wo ìdúró bíríìjì lẹ́yìn yíyí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń fi ìgbónára yí i nígbà tí okùn le ń ba ojú síkúrù inú igi ẹsẹ̀ náà jẹ́.

Tíṣà Afabóò

Ní tèmi, n kì í gbé okùn sókè sódò láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí irú orin. Ìka òsì mọ ibi tí okùn wà, bí a bá ń yí i padà nígbà gbogbo, ohùn wa yóò máa ṣìnà. Fún ìyípadà ojú ọjọ́, mo gbà pé wíìlì wúlò.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lórí ohùn, nítorí mo mọ̀ pé lẹ́yìn tí ọmọ mi bá ti rí i pé ọ̀bẹ dùn lọ́wọ́ òun, yóò fẹ́ fẹ ihò àárín bíríìjì àti ihò ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí igi bá ṣe dín kù lára bíríìjì, ohùn a máa mọ́lẹ̀, a sì máa yára jáde. Bí igi bá ṣe pọ̀, ohùn a máa dúdú, a sì máa rọ̀. Ọ̀nà kan wà láti gbọ́ ìyàtọ̀ yìí láìgé nǹkan kan. Mú pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ, fi há orí bíríìjì láàárín D àti A, kí o ta báàsì. Yọ ọ́, kí o tún ta á. Bí ohùn bá dára sí i nígbà tí pẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀, bíríìjì rẹ ti fúyẹ́ jù tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ kò sì ní ṣe é ní oore kankan. Bí kò bá fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀, okùn tuntun ni kí o kọ́kọ́ dán wò. Ìgbà tí pẹ́ẹ̀gì bá pa ohùn náà pátápátá, tó sì jẹ́ pé láìsí i ohùn ṣì dúdú ju ohun tí o fẹ́ lọ, ìgbà yẹn ni mo lè gbà pé kí o fẹ ihò náà díẹ̀.

Olókùnmẹ́rin

Mo ti parí orí ọrùn àti orí bíríìjì. Káàdì kan ló ń kọjá ní òkè. Ní ìparí pátákó, G jẹ́ 6, D jẹ́ 7, A jẹ́ 8, E jẹ́ 9 àti díẹ̀. Mo tún iwájú gbẹ́ bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo sì fi pẹ́ńsù kun àwọn ipa náà. Bóò ń kọjá lórí D àti A láìkan okùn mìíràn, àyàfi bí mo bá fi agbára púpọ̀ tẹ A nítòsí pátákó. N óò fi ọ̀rọ̀ wíìlì sílẹ̀ títí n óò fi rí ẹni tó ní ẹ̀rọ alùhò. Pẹ́ẹ̀gì kò yí ohùn padà púpọ̀, nítorí náà n kò fọwọ́ kan ihò kankan. Ṣé kí n tún gé E títí yóò fi pé 9 gẹ́lẹ́?

Agbẹ́gilére

Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ipa tuntun máa ń rì díẹ̀ bí okùn ṣe ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ náà yóò sì tún jókòó sí i. Ta á fún ọ̀sẹ̀ méjì kí o tó tún wọn ọ́n, kí o sì máa fi káàdì wo ẹ̀yìn bíríìjì ní gbogbo ìgbà tí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ púpọ̀, pàápàá nígbà tí o bá pààrọ̀ okùn. Ti A tó ń kan èkejì nítòsí pátákó yẹn, ibẹ̀ ni okùn ti máa ń rì jù lọ lábẹ́ bóò; bí o bá ń fà á sún mọ́ bíríìjì díẹ̀ tí kò sì kan nǹkan kan, kò sí ohun tí a ní láti gé.